Ta ló dá ilé Annisa sílẹ̀, Macrina ni tàbí Basil?

Ìbéèrè:

Ọjọ́ 19 oṣù Keje ni àjọ̀dún Macrina, wọ́n sì ní kí n bá ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú ìjọ wa sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ohun kan náà ni gbogbo ìwé kéékèèké tó wà lọ́wọ́ mi ń wí: ẹ̀gbọ́n Basil Ńlá, bíṣọ́ọ̀bù Kesaréà ní Kapadókíà ní ọ̀rúndún kẹrin, ni, kò lọ́kọ, ó gbàdúrà gan-an, ó kú ikú rere. Àwọn mìíràn ní òun gan-an ló dá ìgbé ayé àwọn mọ́ńkì sílẹ̀ ní Annisa, ilé ìdílé wọn ní agbègbè Pontus, pé wọ́n kàn fi orúkọ Basil bò ó mọ́lẹ̀ ni. Èwo ni òótọ́? Kí ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe? Ẹ jọ̀wọ́, ìwàásù kọ́ ni mo ń wá.

* * *

Ẹ kọ́kọ́ ya Macrina méjì sọ́tọ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú. Macrina àgbà ni ìyá bàbá wọn, òun ló bá ọkọ rẹ̀ sá wọ igbó òkè Pontus nígbà inúnibíni Maximinus ọba Róòmù, tí wọ́n sì gbé ibẹ̀ tó nǹkan bí ọdún 7. Macrina tí à ń wí yìí ni ọmọ-ọmọ rẹ̀, tí wọ́n bí ní nǹkan bí ọdún 327. Èèyàn á ṣí lẹ́tà Basil, á rí ibi tó ti sọ pé Macrina ló fi ọ̀rọ̀ Gregory Oníṣẹ́-Ìyanu, bíṣọ́ọ̀bù àtijọ́ kan ní Pontus, tọ́ òun dàgbà, á sì pariwo pé Basil ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyá àgbà ló ń sọ níbẹ̀. Lẹ́tà tó lé ní 300 ló wà lórúkọ Basil lónìí, kò sì dárúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin nínú ọ̀kankan.

Gregory ti Nyssa, àbúrò wọn, ló jẹ́ ká mọ Macrina. Ó kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ láàárín nǹkan bí ọdún 380 sí 383. Ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bíi lẹ́tà, òun fúnra rẹ̀ sì sọ pé ó ti gùn kọjá lẹ́tà. Ó tún kọ ìwé ìjíròrò kan lórí ọkàn àti àjíǹde, níbi tí Macrina ti jẹ́ olùkọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìwọ̀nba gbólóhùn díẹ̀ ló wà, irú èyí tó wà nínú lẹ́tà 19 ti Gregory, níbi tó ti pè é ní olùkọ́ tó kọ́ wọn bí a ṣe ń gbé ayé, ìyá lẹ́yìn ìyá.

* * *

Ẹ ní ẹ fẹ́ mọ ohun tó ṣe. Ilé àdúrà kọ́ ni ilé Annisa nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ilé olówó ni. Etí odò Iris ló wà ní Pontus, ní àríwá ilẹ̀ tí à ń pè ní Tọ́kì lónìí. Bàbá wọn, Basil àgbà, jẹ́ olùkọ́ ọ̀rọ̀-sísọ tó lórúkọ. Ilẹ̀ wọn wà ní ẹkùn mẹ́ta, gómìnà mẹ́ta ni Emmelia ìyá wọn sì ń san owó orí fún lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀. Ẹrú pọ̀ nílé. Ọmọ mẹ́sàn-án, ọkùnrin 4 àti obìnrin 5, ló ń wo ojú ìyá.

Ẹ̀kọ́ ló kọ́kọ́ wáyé. Ìyá kò fi ewì àti eré orí ìtàgé àwọn Gíríìkì kọ́ Macrina bí wọ́n ti ń ṣe fún ọmọ olówó. Ìwé Ọgbọ́n Sólómọ́nì ló fi kọ́ ọ, àti Orin Dáfídì. Sáàmù ló sì fi ń pín ọjọ́: nígbà tó bá jí, kó tó fọwọ́ kan iṣẹ́, tó bá ṣíwọ́ iṣẹ́, kó tó jẹun, tó bá jẹun tán, tó bá ń lọ sùn, tó bá tún dìde lóru. Ó mọ irun àgùntàn ran dáadáa. (Ìwé Ọgbọ́n kò sí nínú Bíbélì tí ọ̀pọ̀ ìjọ tí kì í ṣe Kátólíìkì ń lò. Bí ẹ bá fẹ́ kà á sétí àwọn ìyá, ẹ wá Bíbélì Kátólíìkì.)

Lẹ́yìn ìyẹn ni búrẹ́dì. Nígbà tí bàbá kú, Macrina pinnu pé òun kò ní kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá òun, ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe búrẹ́dì fún ìyá náà láàárín ilé tí ìránṣẹ́ kún fọ́fọ́. Iṣẹ́ ẹrú ni iṣẹ́ yẹn ní irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹrin. Àwọn tó ń kọ ìtàn rẹ̀ máa ń fò ó kọjá lọ sí ibi iṣẹ́ ìyanu, ó sì máa ń dùn mí, torí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ọmọ onílé ló kọ́kọ́ wọ inú ìyẹ̀fun, kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún ẹrú pé ó ti di arábìnrin.

Naucratius, ọ̀kan nínú àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, fi ilé sílẹ̀ ní ọmọ ọdún 22. Òun àti ìránṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Chrysaphius lọ ń gbé inú igbó létí odò Iris, ó sì ń ṣọdẹ bọ́ àwọn arúgbó aláìsàn tí wọn ò rí olùtọ́jú. Ní ọdún karùn-ún, àwọn méjèèjì jáde lọ wá oúnjẹ fún àwọn arúgbó náà, òkú wọn ni wọ́n gbé wálé. Ìyá dákú. Macrina ló gbé e dúró, tí kò jẹ́ kí ìbànújẹ́ dá ilé rú.

Lẹ́yìn náà ló gba ìyá nímọ̀ràn pé kí wọ́n pa ìgbé ayé olówó tì. Tábìlì kan, irú ibùsùn kan, oúnjẹ kan náà fún ìyá onílé àti fún ẹni tó jẹ́ ẹrú rẹ̀ lánàá. Nígbà tí wọ́n pín ogún, ó kó ìpín tirẹ̀ lé àlùfáà lọ́wọ́ kí wọ́n fi ṣe ohun tí Ọlọ́run fẹ́, kò sì jókòó jẹ ọrẹ: iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń jẹ. Ilé náà ní apá obìnrin àti apá ọkùnrin; ti ọkùnrin wà lábẹ́ Pétérù, àbíkẹ́yìn wọn, tí Macrina gbà tọ́ láti ìgbà tí wọ́n já a lẹ́nu ọmú.

* * *

Ẹnìkan kọ ọ́ sí abẹ́ èyí pé Macrina kórìíra ìgbéyàwó, pé ìdí nìyẹn tí kò fi fẹ́ ọkọ. Rárá o, ẹ má gbé ìyẹn lọ síwájú àwọn ìyá. Nígbà tó pé ọmọ ọdún 12, bàbá rẹ̀ yan ọ̀dọ́mọkùnrin kan fún un, ọmọ ìdílé rere tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́, tó sì ń fi ẹnu rẹ̀ gbèjà àwọn tí wọ́n ń rẹ́ jẹ. Wọ́n ń dúró kí ọmọbìnrin dàgbà ni ọmọkùnrin náà kú. Àwọn òbí gbé ọ̀rọ̀ ọkọ mìíràn wá lọ́pọ̀ ìgbà. Èsì rẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń bíni, ẹ̀ẹ̀kan ni èèyàn ń kú, ẹ̀ẹ̀kan náà ni ìgbéyàwó. Ẹni tí bàbá òun yàn wà láàyè lọ́dọ̀ Ọlọ́run nítorí àjíǹde, ìrìn àjò ló lọ, kò sì yẹ kí ìyàwó dalẹ̀ ọkọ tó wà lájò.

Ẹ wo bó ṣe gbọ́n tó. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ gan-an ló fi dáhùn: ẹ̀yin lẹ fi mí fọ́kọ, mo ti lọ́kọ.

* * *

Èrò tèmi yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ẹ̀gbọ́n tó kọ́kọ́ dáhùn, lórí ọ̀rọ̀ ẹrú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ ọ́ lásán pé "Macrina dá àwọn ẹrú sílẹ̀." Ohun tó wà nínú ìwé ni pé ó mú kí ìyá sọ wọ́n di arábìnrin, kí wọ́n sì bá a dọ́gba. Ìwé náà kò sọ̀rọ̀ lílọ síwájú adájọ́ láti dá wọn sílẹ̀ lábẹ́ òfin Róòmù, a ò sì gbọ́dọ̀ fi kún un.

Ẹ fi wé ohun tó ń lọ láyìíká. Láàárín ọ̀rúndún yẹn, àwọn bíṣọ́ọ̀bù pàdé ní Gangra, kò jìnnà sí Pontus, wọ́n sì ṣe òfin lòdì sí àwọn ọmọ ẹ̀yìn Eustathius ti Sebaste, aṣáájú kan tó ń kọ́ èèyàn ní ìgbé ayé ìsẹ́ra-ẹni. Òfin 3 bá ẹni tó ń kọ́ ẹrú láti fojú di olówó rẹ̀ wí. Òfin 13 wà fún obìnrin tó ń wọ aṣọ ọkùnrin, 14 fún èyí tó kọ ọkọ sílẹ̀, 15 fún òbí tó pa ọmọ tì, 16 fún ọmọ tó pa òbí tì, 17 fún obìnrin tó gé irun rẹ̀. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ni ìtara ẹ̀sìn ń fà nígbà náà. Ní ilé Annisa, kò sí èyí tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ kò pa ìyá tì, kò sí ẹrú tó sá. Olówó ẹrú ló sọ̀ kalẹ̀ wá jókòó. Ìdí nìyẹn tí òfin kankan kò fi rí wọn mú, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n ṣe le ju ti àwọn tí Gangra bá wí lọ.

Ìyàtọ̀ wà láàárín èyí àti òfin Basil pẹ̀lú. Nínú Òfin Gígùn rẹ̀, ìwé ìbéèrè-àti-ìdáhùn tó kọ fún àwọn ará tó ń gbé ìgbé ayé mọ́ńkì, ìdáhùn 11, ó ní bí ẹrú bá sá wá bá àwọn ará, kí wọ́n bá a wí, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n dá a padà fún olówó rẹ̀, bí Pọ́ọ̀lù ti ṣe fún Onísímù, àyàfi tí olówó náà bá jẹ́ èèyàn burúkú tó ń paṣẹ ohun tí Ọlọ́run kọ̀. Gregory ní tirẹ̀, nínú ìwàásù kẹrin lórí Ìwé Oníwàásù, bi àwọn olówó ẹrú léèrè pé èló ni wọ́n dá lé ẹni tí Ọlọ́run dá ní àwòrán ara rẹ̀. Èwo nínú àbúrò méjèèjì ló sún mọ́ tábìlì Macrina jù? Gregory ni, lójú tèmi.

* * *

Ó dáa, kí a wá dá ẹjọ́ Basil. Ó ti Áténì dé ní nǹkan bí ọdún 356. Gregory kò fi bò: ó ní ọ̀rọ̀-sísọ ti kó sí i lórí, ó ń fojú tẹ́ńbẹ́lú gbogbo àwọn ìjòyè ìlú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì fà á wálẹ̀ kíákíá títí tó fi yan iṣẹ́ ọwọ́. Basil ń sọ ti ara rẹ̀ nínú lẹ́tà 223 pé bí ẹni tó jí lójú oorun ni òun rí, pé òun rin Íjíbítì, Palẹ́sìnì, Síríà àti Mesopotamia láti wo àwọn mọ́ńkì. Kò dárúkọ Macrina níbẹ̀. Nínú lẹ́tà kan náà ló ti rán Eustathius létí ọjọ́ tí wọ́n jọ lò ní abúlé òdìkejì odò lọ́dọ̀ ìyá òun. Ìyá ló dárúkọ.

Àwọn kan ní ìgbéraga ló fa ìdákẹ́ yìí. Àwọn mìíràn ní Gregory ló bù mọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mi ò gba èkíní: lẹ́tà ìjà ni lẹ́tà 223, Basil ń wẹ ara rẹ̀ mọ́ lọ́dọ̀ Eustathius tí wọ́n ti jọ jẹ́ ọ̀rẹ́, kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń ka oríkì ẹbí. Èkejì lè ní òótọ́ díẹ̀ nínú, torí ìwé ìyìn ni Gregory ń kọ. Àmọ́ ẹlẹ́rìí kan wà tí kì í ṣe ọmọ ilé. Gregory ti Nazianzus, ọ̀rẹ́ Basil, lọ gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Pontus fúngbà díẹ̀. Nínú lẹ́tà 5 rẹ̀, ó ráhùn pé búrẹ́dì wọn le débi pé eyín ń yọ̀ lórí rẹ̀, pé bí kì í bá ṣe ìyá Basil, olùbọ́ àwọn tálákà, tó yára gbà wọ́n, òkú ni wọn ì bá jẹ́. Ilé àwọn obìnrin ló ń bọ́ àwọn ọkùnrin tó ń kọ́ ìgbé ayé mọ́ńkì.

Ìdáhùn mi rèé: Macrina ló dá ilé náà sílẹ̀, Basil ló kọ òfin. Ilé ti dúró, wọ́n ti ń jẹun pọ̀, wọ́n ti ń kọ Sáàmù pọ̀, kí Basil tó kọ ìlà kan. Ṣùgbọ́n ìbéèrè-àti-ìdáhùn tó kó jọ, bí ó ṣe so ilé àwọn ará mọ́ ìjọ àti bíṣọ́ọ̀bù, àti ilé ìtọ́jú àwọn aláìsàn tó kọ́ sẹ́yìn ìlú Kesaréà, iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀ ń rẹ́ ẹ jẹ.

* * *

Ìbéèrè kékeré: Ṣé kí n sọ ìtàn kókó ọyàn?

Ẹ sọ ọ́ tán bí ẹ bá máa sọ ọ́, ẹ má dá a dúró ní ìlàjì, torí ó lè pa èèyàn. Kókó burúkú yọ sí Macrina lọ́yàn. Kò fẹ́ ṣí ara fún dókítà, ó kà á sí ohun tó burú ju àìsàn lọ. Ìyá bẹ̀ ẹ́ títí pé Ọlọ́run ló fi iṣẹ́ ìṣègùn ta èèyàn lọ́rẹ. Ó wọ ibi mímọ́ lọ, ó sun ẹkún lójú àdúrà láti ìrọ̀lẹ́ mọ́jú, ó fi ẹrẹ̀ tí omijé rẹ̀ pò pa ojú ibẹ̀. Nígbà tí ìyá tún bẹ̀ ẹ́, ó ní kí ìyá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya àmì àgbélébùú sí i. Kókó náà lọ, ó ku àpá tínrín bí ojú abẹ́rẹ́. Vestiana, opó ọmọ ìdílé ńlá tó ń gbé pẹ̀lú wọn, ló fi àpá náà han Gregory ti Nyssa nígbà tí wọ́n ń múra òkú Macrina.

Ibi tí wọ́n máa ń gé kúrò ni ọ̀rọ̀ ìyá. Basil náà fara mọ́ ìyá: Òfin Gígùn, ìdáhùn 55, sọ pé ìṣègùn jẹ́ ẹ̀bùn Ọlọ́run, pé kí á lò ó láìgbàgbé ẹni tó fún wa. Obìnrin tó bá ti ń fi kókó ọyàn pamọ́ lè gbọ́ ìlàjì ìtàn yìí kó sì jókòó sílé. Ẹ ka ìdáhùn 55 mọ́ ọn.

* * *

Lórí ọjọ́ ikú rẹ̀: ọdún 379 ni gbogbo ènìyàn ń kọ, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀. Ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 379 ni àṣà fi Basil kú sí. Gregory ní oṣù kẹsàn-án tàbí ó lé díẹ̀ lẹ́yìn ikú Basil ni àwọn bíṣọ́ọ̀bù pàdé ní Áńtíókù, lẹ́yìn ìpàdé yẹn ló sì rìn lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyẹn ti kọjá oṣù Kẹsàn-án, kò lè jẹ́ oṣù Keje. Ìdí rèé tí àwọn onímọ̀ kan fi fa ikú Basil padà sí ọdún 378. Fún ìpàdé yín, ẹ sọ "ọdún 379" kí ẹ dúró níbẹ̀. Ọjọ́ 19 oṣù Keje jẹ́ ọjọ́ ìrántí, ẹ má sọ pé ọjọ́ yẹn gan-an ló mí èémí ìkẹyìn.

* * *

Ẹlòmíràn ní ìjíròrò lórí ọkàn ni kí ẹ kà, pé ohùn Macrina gan-an ló wà níbẹ̀. Ẹ ṣọ́ra. Àpẹẹrẹ Plato, onímọ̀ ọgbọ́n Gíríìkì, ni Gregory tẹ̀ lé nínú ìwé yẹn, ó sì fi ìjiyàn àwọn onímọ̀ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu. Pé wọ́n sọ̀rọ̀ ọkàn lórí ibùsùn ikú, ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Pé gbogbo gbólóhùn jẹ́ tirẹ̀, ẹ má búra sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ má gba ti àwọn tó ní obìnrin tó dàgbà lórí Sáàmù kò lè ronú tó bẹ́ẹ̀. Òun ló tọ́ Pétérù, ó sì tọ́ ọ débi pé ó di bíṣọ́ọ̀bù Sebaste.

Ikú rẹ̀ ni ẹ ó rí kúlẹ̀kúlẹ̀ sí jù. Orí pákó tí wọ́n tẹ́ aṣọ àpò lé ni Gregory bá a, lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, pákó mìíràn ló fi ṣe ìrọ̀rí. Wọn ò rí ara wọn fún bí ọdún 8. Macrina kú ní ọjọ́ kejì, nígbà tí wọ́n gbé fìtílà wọlé: ètè rẹ̀ ń mì sí orin ọpẹ́ ìrọ̀lẹ́, ohùn ti lọ. Gregory béèrè aṣọ ìsìnkú lọ́wọ́ Lampadion, díákónì obìnrin tó ń darí àwọn wúńdíá. Lampadion fi aṣọ ìlékè Macrina hàn án, ìbòrí rẹ̀ àti bàtà rẹ̀ tó ti gbó. Kò sí òmíràn nínú àpótí kankan. Aṣọ tí Gregory mú wá ni wọ́n wọ̀ fún un, Lampadion sì ní kí wọ́n fi aṣọ dúdú ìyá rẹ̀ bo òkè, kí àwọn wúńdíá má bàa rí i bí ìyàwó tuntun. Lọ́rùn rẹ̀ ni wọ́n ti rí àgbélébùú irin àti òrùka irin tí èérún igi Àgbélébùú Olúwa wà nínú rẹ̀. Vestiana mú àgbélébùú, Gregory mú òrùka. Wọ́n fi Sáàmù ṣe àìsùn. Láti ilé dé ibojì àwọn òbí kò tó kìlómítà kan àbọ̀, ṣùgbọ́n èrò pọ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà wọ́n ní odindi ọjọ́.

* * *

Ìbéèrè ìkẹyìn: Ṣé ó kọ òfin kankan sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́?

Kò sí ìwé kankan tí ó kọ tó dé ọwọ́ wa. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ni kí ẹ fi gba àkókò yín. Nígbà ìyàn, èrò ń wọ́ wá sí Annisa torí Pétérù wá oúnjẹ fún wọn, débi pé aginjù náà dà bí ìlú. Macrina ní tirẹ̀ ń gbé ọmọbìnrin tí wọ́n gbé jù sí ojú ọ̀nà, ó ń bọ́ wọn, ó sì tọ́ wọn dàgbà. Nígbà tó kú, àwọn wọ̀nyí ló ké jù, tí wọ́n ń pè é ní ìyá àti olùtọ́.

Tí ẹ bá fẹ́ rí bí irú iṣẹ́ yẹn ṣe wá di ètò, ẹ ka ìdáhùn 15 nínú Òfin Gígùn Basil. Ọmọ tí kò ní òbí, kí wọ́n gbà á láìbéèrè. Èyí tó ní òbí, òbí rẹ̀ ni kó mú un wá níwájú ẹlẹ́rìí púpọ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ lọ́la pé wọ́n jí ọmọ gbé. Ilé ọmọkùnrin lọ́tọ̀, ti ọmọbìnrin lọ́tọ̀, ti àgbà lọ́tọ̀, àmọ́ kí wọ́n jọ máa gbàdúrà. Kí wọ́n kọ́ wọn níwèé, kí wọ́n fi ìtàn inú Bíbélì dípò àlọ́. Ọmọ tó bá fi ara hàn pé ó lè ṣe iṣẹ́ ọwọ́ kan, kó máa lo ọ̀sán lọ́dọ̀ ọ̀gá iṣẹ́, kó padà sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó bá di alẹ́. Kí wọ́n má sì gba ẹ̀jẹ́ lẹ́nu ọmọ kankan títí yóò fi dàgbà tó láti fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ jẹ́ ẹ. Èyí tí kò bá fẹ́, kí wọ́n jẹ́ kó máa lọ níwájú àwọn ẹlẹ́rìí kan náà.